Orin Gígùn Tó Pe Happiness Lólè

HAPPINESS LO GBE AGOGO.

Ohun tí sikirínì kọ nìyẹn lọ́jọ́ Ìsinmi, lójú gbogbo ìjọ, nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò pariwo, ó kàn tàn lórí iná búlúù kékeré ni, ṣùgbọ́n ariwo tí àwọn ènìyàn pa lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ dé ibùdókọ̀. Obìnrin kan ṣubú lulẹ̀, ó ní ìran ni. Òmíràn ní òun ti lá àlá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ráyè ronú, Bàbá Olùṣọ́, ẹni tó ń ṣe àkóso ìjọ, ti gbá máìkì mú, ó sì ti kéde rẹ̀ síta láti inú gbohùngbohùn tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu géètì, èyí tó kọjú sí títì. Ó ní Ẹ̀mí ti tú olè fó nínú ìjọ, Happiness lorúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ mi ní téṣàn. Fàdìlàt ni mò ń jẹ́, ìnsípẹ́tọ̀ ọlọ́pàá ni mí, mùsùlùmí sì ni mí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kò mọ ìran-án rí. Ojú lásán ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ojú ọ̀hún sì mú dáadáa. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, bí ẹ bá mọ ọlọ́pàá tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ í wá jù mí lọ, ẹ mú un wá kí n kí i kú iṣẹ́.

Happiness fúnra rẹ̀ ló wá sí téṣàn. Aránṣọ ni, akọrin sì ni nínú ìjọ náà, òun ló ń rán sùtánà funfun fún ìdajì àwọn ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní Ìgàndó. Ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n kò sunkún níwájú mi. Ìyẹn wù mí.

"Mà, agogo tí wọ́n ń sọ, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rí," ó ní. "Agogo idẹ ni, olùdásílẹ̀ ìjọ ló fi sílẹ̀. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n ti ń wá a. Ní báyìí, àwọn oníbàárà mi ti ń wá gba aṣọ wọn láìrán. Wọ́n ní àwọn ò lè wọ sùtánà tí olè rán. Tí ìsìn ìrọ̀lẹ́ òní bá bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà máa yọ orúkọ mi kúrò nínú ìjọ. Mà, orúkọ yẹn nìkan ni mo ní."

"Ìrọ̀lẹ́ òní kẹ̀?" ni mo wí. "Àkókò ọ̀hún pọ̀ tó fún mi. Sájẹ́ǹtì Henry, gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."

*

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni a bọ́ bàtà sí. Àwọn ọmọ ìjọ kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, láti ilé ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ lásán bọ̀, nítorí náà bàtà àlejò nìkan ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàtà mi àti ti Sájẹ́ǹtì Henry ni. Ihò wà nínú ìbọ̀sẹ̀ Henry, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ síta bí ẹni tó ń wo títì. Mo ní kí ó bọ́ ìyẹn náà.

Sikirínì ọ̀hún wà lókè, lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Kò tóbi, ìlà méjì péré ló ní. Orúkọ orin ló ń hàn lórí ìlà kìíní, nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìlà kejì. Wáyà kan gba ara ògiri láti ìdí rẹ̀ lọ sórí tábìlì àwọn akọrin níbi tí kíbọọ̀dù tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà sí i wà. Ẹni tó ń jókòó ti kíbọọ̀dù náà ni Godswill, géńdé kan tó ń kọ orin ohùn ìsàlẹ̀.

"Madam, I swear, ọwọ́ mi ò sí lórí kíbọọ̀dù!" ó ní kí n tó jókòó. "Ọwọ́ mi wà lókè! Gbogbo ìjọ rí mi!"

"Kí lo ṣe kẹ́yìn kí o tó gbé ọwọ́ sókè?"

"Mo kọ orúkọ orin, mo kọ nọ́ńbà. Orin yẹn gùn, kò gba ojú sikirínì tán, ni mo bá tẹ bọ́tìnnì tó ń fa orin gígùn. Mo wá gbọ́wọ́ sókè, mo ń yin Olúwa. Finish."

"Ṣé ìwọ àti Happiness jà?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó lé mi kúrò níwájú torí pé mo pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó nǹkan jàre."

Henry ti ń fọwọ́ pa ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Ó yá Henry lára láti máa de èèyàn ju bó ti yá a láti máa bi í léèrè lọ. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó rọra.

"Godswill, rántí dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló hàn, àbí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jáde bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sí èyíkéyìí, mà. E dey waka. Ó ń rìn bọ̀ láti apá ọ̀tún. Orúkọ orin ń lọ lókè, òun náà ń tẹ̀lé e nísàlẹ̀."

Mo sọ fún un pé kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, n kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀.

*

Henry ló kọ́kọ́ rí ohun tó jọ ẹ̀rí. Níbi tí wáyà ti gba ẹ̀yìn àga àwọn ìyá ìjọ kọjá, ẹnìkan ti fi téèpù dúdú wé ojú ibì kan. "Ọ̀gá, ẹ wò ó! Wọ́n ti gé e, wọ́n sì so nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ibí ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́!"

Mo tú téèpù náà. Wáyà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ojú eyín kéékèèké sì wà lára ọ̀rá wọn. "Eku," ni mo wí. "Tí o bá fẹ́, lọ mú un."

Bí a ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà wọlé. Báyọ̀dé ni, ọmọ Èkìtì, tíṣà físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ẹgbẹ́dá. Òun ló so wáyà tí eku jẹ. Láti ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn àgbà ìjọ ti ń sọ pé kí wọ́n já ẹ̀rọ rẹ̀ lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan sì ń fẹ́ fi òróró pa òun fúnra rẹ̀ lórí. Kò mọ èwo ló burú jù nínú méjèèjì.

"Báyọ̀dé, bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan ni kí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ràn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń wù.

"Mà, sikirínì yìí fúnra rẹ̀ ò gbọ́n. Wáyà rẹpẹtẹ ló ń béèrè kó tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo wá fi ọpọlọ sí i lẹ́yìn, ẹ̀yà kékeré kan báyìí, kò tó èékánná, tó lè ka ọ̀rọ̀, tó sì lè pàṣẹ fún un. Wáyà mẹ́ta péré ló wá ń ti orí tábìlì bọ̀, méjì fún iná, ẹyọ kan fún ọ̀rọ̀. Lẹ́tà ń gba inú ẹyọ kan yẹn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwa ṣe ń tò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ọpọlọ á gbà á, á sì gbé e sí ìlà àti ààyè tí a bá ní kó gbé e sí."

"Ṣé wọn ò ta irú rẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń tà á, mà. Èmi ò rà á. Èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù tó ń yọ́ òjé jó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ wo ìka mi. Sikirínì tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Èmi ni mo ya wọ́n sínú rẹ̀, àmì kéékèèké, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò sí ìjọ mìíràn ládùúgbò yìí tí ògiri wọn ń kọ Yorùbá tó péye."

Ó sọ ọ́, ó sì na àyà. Mo jẹ́ kí ó na àyà dáadáa, nítorí ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í léèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

"Lẹ́tà mélòó ló ń hàn lórí ìlà kan?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Orin tó bá wá gùn ju ìyẹn lọ ńkọ́?"

"Àyè inú sikirínì pọ̀ ju èyí tí a ń rí lọ, mà. Ìlà kọ̀ọ̀kan lè gba ogójì lẹ́tà. Ìyókù ń bẹ lápá ọ̀tún, ojú kàn ò tó o ni. Bọ́tìnnì fífà ló ń fà á wá síwájú."

"Ìlà tí orin wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń fà?"

"Rárá o. Ìlà méjèèjì ló ń fà pọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kò sí bí èèyàn ṣe lè fa ọ̀kan kí ó..."

Ó wo sikirínì, ó wo èmi.

"Máa sọ ọ́ lọ," ni mo wí. "Kí ló ń wà lórí ìlà kejì?"

"Nọ́ńbà orin nìkan."

"Lẹ́yìn nọ́ńbà, ní apá ibi tí ojú ò tó?"

"Òfìfo ni! Ó yẹ kó jẹ́ òfìfo. Ṣùgbọ́n èmi kì í nu ibẹ̀, mà. Tí mo bá nu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, sikirínì á ṣẹ́jú, Bàbá Olùṣọ́ sì ní òun ò fẹ́ kí nǹkan kan máa ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Mo wá ní kí ọpọlọ máa kọ tuntun lé ìlà òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì kọ lé iwájú ìlà ìsàlẹ̀ nìkan."

"Tí wọ́n bá pa iná ńkọ́? Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ kò ní parẹ́?"

"Ì bá parẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi bátìrì sí i. NEPA lè múná lọ bó ṣe wù wọ́n, kò tíì kú rí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kọ́." Ó gbé orí sókè díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún sọ orí kọ́.

Mo fọwọ́ gbá tábìlì. Mo mọ̀ ọ́n! Kò sí ìran, kò sí àǹjọ̀nú. Ẹnìkan ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí ibi tí ojú kò tó, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ba síbẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń dúró de ẹni tí yóò fa orin gígùn. Godswill tó tẹ bọ́tìnnì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò tiẹ̀ nílò láti wà ní ìjọ lọ́jọ́ náà.

"Godswill, ìgbà wo ni o ti fa orin gígùn kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́, mà. Àwọn orin wa kì í gùn. Tọjọ́ Ìsinmi yẹn nìkan, 'Ẹ̀yin Tó Ti Ọ̀nà Jíjìn Wá, Ẹ Wọlé'. Kò tiẹ̀ sí lára orin tá a fi ṣe ìdánrawò. Ìgbà tí a parí ìdánrawò ní Sátidé ni Ọ̀gá Ọláoyè, olórí wa, sọ pé ká fi kún un."

Mo bi wọ́n pé ta ló máa ń kẹ́yìn jáde lẹ́yìn ìdánrawò. Godswill àti Báyọ̀dé wo ara wọn. Olórí akọrin ni, Ọláoyè, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

*

Ọláoyè wá. Àgbàlagbà ni, sùtánà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó lóhùn tó lè mú kí ògiri gbọ̀n. Ó jókòó láìdúró kí a ní kó jókòó.

"Èmi kọ́, Madam. Èmi ò sí níbí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀ka wa ní Ìpájà ni mo ti lọ kọ́ wọn lórin. Gbogbo ìjọ ibẹ̀ ló rí mi."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Ṣé ẹ mọ ẹ̀rọ yìí lò?"

"Ẹ̀rọ ọmọdé? Ẹnu ni mo fi ń darí orin, kì í ṣe bọ́tìnnì."

"Ó dáa. Ta ló máa darí àwọn akọrin ní ọjọ́ ìkórè?"

Ó fa ọrùn sùtánà rẹ̀. "Bàbá Olùṣọ́ ní Happiness ni. Láti ọjọ́ ìkórè lọ."

N kò ní ẹ̀rí kankan, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfura kì í ṣe ohun tí mo lè gbé lọ bá DPO, ọ̀gá téṣàn wa. Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo dìde, mo sì gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, àti Bàbá Olùṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

"Iṣẹ́ wa ti parí. Báyọ̀dé sọ fún mi pé ọpọlọ inú ẹ̀rọ yìí mọ aago. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kọ sí i, ó ń tọ́jú wákàtí tó kọ ọ́ pamọ́. A máa fà á jáde lójú àwọn àgbà nígbà ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, torí tí bátìrì ẹ̀yìn rẹ̀ bá fi lè kúrò, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sinmi títí dìgbà yẹn."

Irọ́ ni. Ẹ̀rọ náà kò mọ aago rárá. Báyọ̀dé fẹ́ ṣàlàyé, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ṣebí ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa fi dúró, ó dùn ún, ó sì dákẹ́.

Wọ́n jáde. Mo ní kí Henry gbé bàtà rẹ̀ àti tèmi, kí ó wakọ̀ lọ sọ́nà Ìkòtún kí gbogbo àdúgbò rí i pé ọlọ́pàá ti lọ. Èmi jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì níbi tí àwọn akọrin ń kó aṣọ wọn sí. Òórùn tùràrí wà nínú aṣọ wọ̀nyẹn, ó dùn.

Kò pẹ́ púpọ̀. Nípasẹ̀ àlàfo kọ́tìnì, mo rí Ọláoyè tó yọ sí ẹnu ọ̀nà. Kò kọ́kọ́ wo inú ilé. Ilẹ̀ ló wò, ibi tí bàtà àlejò máa ń wà. Kò sí bàtà kankan níbẹ̀. Ọmọ ìjọ yẹn ni láti ìgbà ọ̀dọ́, ohun tó sì ti mọ́ ọn lára ni pé bí kò bá sí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí àlejò nínú ilé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó wọlé, ó fa àga kan, ó gùn ún, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ó mọ ibi tí bátìrì wà láìwá a.

Ẹsẹ̀ tèmi náà kò ní bàtà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbúròó mi títí mo fi dé ìdí àga.

"Ẹ rọra o, sà," ni mo wí. "Ẹ má jábọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín méjèèjì rìn dé téṣàn."

Ọwọ́ rẹ̀ wà lára wáyà bátìrì. Kò bú mi, kò sì sá. Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sórí àga náà, gbogbo ohùn ńlá yẹn sì ti lọ.

"Báyọ̀dé kọ́ gbogbo wa bí wọ́n ṣe ń lò ó," ó ní. "Èmi nìkan ni mo béèrè ohun tó wà lápá ibi tí kò hàn. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo ti ń darí orin níbí láti ìgbà tí a ti ń sìn lábẹ́ pákó. Èmi ni mo kọ́ ọmọbìnrin yẹn lórin. Wọ́n kàn ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un, láìtiẹ̀ dúpẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n kàn fura sí i títí ìkórè á fi kọjá ni. Mi ò mọ̀ pé Bàbá á kéde rẹ̀."

"Agogo ńkọ́?"

"Ó wà nínú búùtù mọ́tò mi."

Ó ṣe mí láàánú díẹ̀. Díẹ̀ náà kò dí iṣẹ́ mi lọ́wọ́. Mo pe Henry lórí fóònù pé kó gbé bàtà mi padà.

*

Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, a gbé agogo idẹ náà sórí tábìlì níwájú àwọn àgbà, mo sì ní kí Báyọ̀dé kọ ọ̀rọ̀ sí apá ibi tí ojú kò tó, kí ó sì fà á jáde kí gbogbo wọn rí i. Ọ̀rọ̀ náà rìn bọ̀ láti ọ̀tún gẹ́gẹ́ bíi tọjọ́ Ìsinmi. Obìnrin tó ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ yẹn wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọn kò sọ̀rọ̀ nípa jíjá ẹ̀rọ lulẹ̀ mọ́. Báyọ̀dé ń fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu eruku ojú sikirínì bí ìyá tó ń nu ojú ọmọ. Kí n má purọ́, orí tèmi náà wú.

Happiness wà lẹ́yìn, ó dúró. Bàbá Olùṣọ́ lọ bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, ó ti tán. A ti gbọ́, a sì ti mọ̀. Kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún ọ, ká parí ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run níbí, kí ìtìjú má bàa jáde síta."

Happiness kò kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun," ó ní, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Kì í ṣe inú ilé níbí ni ẹ ti pè mí lólè."

Àgbà kan fẹ́ bá a wí, pé báwo ló ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀. Mo wo àgbà náà, ó tún jókòó. Bàbá Olùṣọ́ fi ọwọ́ Happiness sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ síbi máìkì, ó sì tan gbohùngbohùn ìta.

Happiness ti jáde síwájú rẹ̀. Ó lọ dúró sẹ́nu géètì, lábẹ́ gbohùngbohùn náà gan-an, pẹ̀lú sùtánà funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó kọjú sí títì kí ẹni tó bá gbọ́ orúkọ lè rí ojú tó ni ín. Mo tẹ̀ lé e jáde. Àwọn ọlọ́kadà tó dúró létí títì yíjú wò wá. Oníbàárà rẹ̀ kan tó há aṣọ tí wọn kò rán sábẹ́ apá dúró ní òdìkejì ọ̀nà.

Ohùn Bàbá Olùṣọ́ jáde sórí gbogbo títì. "Ẹ̀yin ará Ìgàndó, èmi ni mo kéde lọ́jọ́ Ìsinmi pé Happiness jalè. Kò jalè. Ẹlòmíràn ló gbé agogo. Èmi ni mo ṣì í sọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo yín."

Bọ́ọ̀sì kan kọjá bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ó ń fun fèrè, ó bo ìdajì ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Happiness dúró títí bọ́ọ̀sì náà fi lọ tán. Ó wá yíjú padà sí inú ọgbà.

"Bàbá," ó ní, "ẹ tún un sọ. Wọn ò gbọ́ ọ dáadáa."

Bàbá tún un sọ.